Rọ́fù, bọ́ọ̀ àti òrùka irun láti ara àjákù aṣọ àti wáyà

Lábẹ́ maṣíìnì mi ní Múṣin, àpò ìrẹsì kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò gbọdọ̀ gbé dànù. Àjákù aṣọ ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu: àǹkárá, léèsì, sátíìnì tó ṣẹ́ kù lára láínìn, etí aṣọ-òkè tí a gé fìlà lára rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, alaalẹ́ la máa ń gbá irú wọn jọ, a ó kó wọn fún agbálẹ̀ tàbí fún àwọn mẹkáníìkì kí wọ́n máa fi nu epo kúrò lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí mo ṣe fíríìdọ̀mù, èmi náà ń dà wọ́n nù bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Irun ọmọ mi obìnrin ló là mí lójú. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà náà. Ẹni tó bá a di irun fi àwọn rọ́bà báǹdì dúdú kéékèèké so ìdí irun kọ̀ọ̀kan kó tó ki ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó wù mí lọ́jọ́ náà, mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fẹ́ tú u, àwọn rọ́bà yẹn ti há sínú irun, bí mo ṣe ń yọ wọ́n ni irun ń bá wọn jáde. Etí irun rẹ̀ lápá ọ̀tún ti ń dán bí ìdí àwo. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn ń bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé ó ti tán?” Mo jókòó lórí àpótí, orí rẹ̀ wà láàárín itan mi, mo ń wo irun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mi ò mọ èsì tí mo lè fún un.

Rọ́bà tí kò ní aṣọ lára kì í yọ̀ lórí irun, ṣe ló máa ń dì í mú. Bí ọmọ bá mirí, bó bá yírapadà lójú oorun, bó bá ń bọ́ aṣọ gba orí, rọ́bà á fà, irun á já. Èyí tó burú jùyẹn lọ ni fífà láti ìdí. Bí ojú kan náà bá ń gba fífà fún ọ̀pọ̀ oṣù, irun ibẹ̀ á kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í re. Bí a kò bá tètè dá a dúró, ihò tí irun ń gbà hù á di àpá, irun ò sì ní hù níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín yìí, irun ni mo kọ́kọ́ ń rò, lẹ́yìn náà ni mo tó ro ẹwà.

Inú àpò: èwo la ó lò?

Ẹ da àjákù yín sórí ẹní, kí ẹ ṣà wọ́n. Èyí tó bá gùn ju ọwọ́ lọ, láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, ẹ kó o sọ́tọ̀ fún rọ́fù, ìyẹn rọ́bà irun tí a fi aṣọ bò. Èyí tó bá tó ojú ìwé kan, ti bọ́ọ̀ nìyẹn. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ẹ má ṣe jù ú nù, òun la ó fi di àárín bọ́ọ̀. Èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni mo máa ń fi bo bọ́tìnnì, tàbí kí n kì í sínú ìrọ̀rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ irú aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín, torí pé òun ló máa sọ bí ẹ ó ṣe ṣe etí rẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè pè é ní sílíìkì, ó lè pè é ní sátíìnì, iná ni kì í parọ́. Ẹ gé fọ́nrán kan tó gùn tó ìka láti etí aṣọ náà. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí a fi ń tún irun ojú ṣe dì í mú lórí àwo tí omi wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá ṣáná sí ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ òwú gidi, bí àǹkárá, á jó wìrì bí ìwé, òórùn ìwé tó ń jó lẹ ó gbọ́, eérú rẹ̀ á fúyẹ́, á sì kúnná bí ẹ bá fi ìka rà á. Bó bá jẹ́ pọ́líẹ́sítà, á kọ́kọ́ sá fún iná, á ká kò, á wá yọ́. Èéfín dúdú ló máa ń mú wá, ohun tó bá sì kù lẹ́nu rẹ̀ á le koko bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré, ẹ ò ní lè fi ìka fọ́ ọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ṣì ń yọ́ o, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara, á sì bó awọ lọ.

Kí ni ìdánwò yìí wà fún? Ọ̀pọ̀ sátíìnì àti ríbọ́ọ̀nù tí à ń rà lọ́jà, pọ́líẹ́sítà ni. Etí wọn kò nílò ìrán. Ẹ kàn fi í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àbẹ́là kíákíá, kó má kan ahọ́n iná gan-an, etí náà á yọ́ díẹ̀, á pa, kò ní tú mọ́. Àǹkárá ò gba irú èyí, yóò jó ni. Etí àǹkárá gbọ́dọ̀ wọ inú, tàbí kí a fi maṣíìnì gba orí rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ.

Ẹ rẹ àǹkárá tuntun sínú omi kí ẹ tó gé e. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú un le ní ilé iṣẹ́ á kúrò, bó bá sì máa ṣí àwọ̀, inú bákẹ́ẹ̀tì ni kó ti ṣí i, kì í ṣe ní ọrùn ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ tí òjò bá pa á. Ẹ sá a gbẹ, kí ẹ lọ̀ ọ́.

Ohun tí a ó rà

Kò pọ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ tí télọ̀ ń fi sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì, èyí tó fẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì. Òwú ìránṣọ tó yi. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti pín-ìnnì ńlá kan. Kílíìpù irin pẹrẹsẹ fún bọ́ọ̀. Sísọ́ọ̀sì tí ẹ ò fi gé ìwé rí.

Fún èmi, Ìdúmọ̀tà ni mo máa ń lọ, mo wá ń gba ibẹ̀ rìn wọ Balógun. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo ń wọ dánfó, torí pé tó bá ti di ọ̀sán, ẹsẹ̀ ò gbẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó sì ń kánjú kì í lè yẹ ọjà wò. Odidi káálì rọ́bà ni mo ń rà, a sì máa ń dá a pín, èmi àti àwọn télọ̀ méjì ládùúgbò. Ẹni tí ò bá fẹ́ kọjá afárá lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó lè rí i ní Tẹ́júoṣó ní Yábàá, tàbí níbí ní Ojúwoyè.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ fa rọ́bà náà kó gùn ní ìlọ́po méjì, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá níbẹ̀. Bí ó bá padà sí bó ṣe wà, ẹ rà á. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń ta pẹ́pẹ́ nínú, ó ti gbó lórí igbá nìyẹn, oòrùn ti jẹ ẹ́. Ìyá tó ń tà á fún mi kì í bínú sí fífà yìí, òun gan-an ló kọ́ mi. Ó ní, “Ọmọ mi, fà á níbí, kó má baà já ọ kulẹ̀ nílé.”

Rọ́fù

Rọ́fù ni rọ́bà tí a fi aṣọ bò tó wá ṣù jọ kíṣìkíṣì bí etí búláòsì. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Rommy Revson, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1987. Irun tirẹ̀ náà ló ń bàjẹ́ tó fi wá ohun tí kò ní máa já a. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, ó dùn mọ́ mi púpọ̀, torí ọ̀nà kan náà ni èmi àti ẹ̀ gbà débẹ̀.

Fún àgbà, ẹ gé aṣọ tó gùn ní íǹṣì 22, kó fẹ̀ ní íǹṣì 4. Fún ọmọdé, íǹṣì 18 ní gígùn, íǹṣì 3 ní fífẹ̀, ó tó. Àjákù tó gùn tó 22 ṣọ̀wọ́n, mo mọ̀. Ẹ so ó pọ̀: méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 11 àti ìdá mẹ́rin, tàbí mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 6. Bí ẹ bá fi ìdá mẹ́rin íǹṣì ṣe ojú ìrán, ti méjì á jẹ́ 22 gan-an, ti mẹ́rin á fi ìdajì íǹṣì lé, ẹ gé e kúrò. Ẹ tẹ́ ojú ìrán yẹn sílẹ̀ méjèèjì, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí rọ́bà má baà há síbẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí tí a so pọ̀ ju èyí tó jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo lọ. Pupa á pàdé búlúù, ẹyẹ á pàdé òdòdó, bí ó bá sì ti ṣù jọ tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àjákù ni.

Ẹ ká aṣọ náà sí méjì ní gígùn, kí ojú rẹ̀ tó dára wà nínú. Ẹ rán etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìdá mẹ́rin íǹṣì sí etí. Ẹni tí kò ní maṣíìnì lè fi ọwọ́ rán an: abẹ́rẹ́ á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún lọ síwájú. Bí ẹ kò bá jẹ́ kó máa padà sẹ́yìn, ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ fà á ni yóò tú.

Ní báyìí, ó ti di ọ̀nà ọ̀fun tó gùn, inú rẹ̀ wà níta. Ẹ fi pín-ìnnì kọ́ ẹnu rẹ̀ kan, kí ẹ ti pín-ìnnì náà wọnú, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ á máa ṣù sẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa fà á. Ibi tó máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni ìbẹ̀rẹ̀, íǹṣì méjì àkọ́kọ́, níbi tí aṣọ ti ń ká lé ara rẹ̀ tó sì ń fún. Ẹ má fi agbára ṣe é. Ẹ fi ìka yí ẹnu rẹ̀ ká bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí ìpele tó wà nínú tú jáde. Tó bá ti gba íǹṣì méjì yẹn kọjá, ìyókù á tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́.

Rọ́bà wá kàn. Àwọn tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní kí a gé íǹṣì 7. Irun àwọn ni wọ́n ń wò. Irun tiwa kún, ó sì máa ń wú, pàápàá bí a kò bá fi nǹkan sí i. Íǹṣì 8 ni mo ń gé fún àgbà, 9 fún ẹni tí irun rẹ̀ bá dí gan-an, 6 fún ọmọdé. Ó yẹ kí rọ́fù yí irun po lẹ́ẹ̀mejì láìsí pé iwájú orí ń fà. Bí ojú ẹni tó so ó bá ti ń ga sókè díẹ̀, ó ti le jù.

Ẹ fi pín-ìnnì kọ́ orí rọ́bà, kí ẹ tì í gba inú ọ̀nà ọ̀fun náà. Ẹ kọ́kọ́ fi pín-ìnnì kejì mú ìdí rẹ̀ mọ́ ẹnu aṣọ, torí bí ìdí rọ́bà bá wọlé, àtìbẹ̀rẹ̀ lẹ tún máa bẹ̀rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá yọ lódì kejì, ẹ má ta á ní kókó. Kókó máa ń ki orí, ẹni tó bá sùn lé e á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ gbé etí rọ́bà kan lé èkejì, kó lé ara wọn ní ìdajì íǹṣì, kí ẹ rán an lọ rán an bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ etí aṣọ kan sínú, kí ẹ ki etí kejì bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ rán an pa. Ẹ nà án, ẹ gbọ̀n ọ́n, àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ á pín ara wọn káàkiri.

Òótọ́ kan wà nípa àǹkárá tí mo gbọ́dọ̀ sọ: òwú ni, òwú sì máa ń fa epo. Orí tí irun rẹ̀ bá le, tí kì í já, kò ní fura. Ṣùgbọ́n fún irun gbígbẹ tàbí irun tó ń já, sátíìnì ni kí ẹ fi rán gbogbo rọ́fù náà, ó máa ń yọ̀ lórí irun. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí àǹkárá hàn, ẹ fi ṣe ìrù méjì tí ẹ ó so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ohun tí mo ń ṣe fún ọmọ mi nìyẹn.

Bọ́ọ̀ tí kò ní já bọ́

Ẹ gé àǹkárá tó gùn ní íǹṣì 10, tó fẹ̀ ní 6. Ẹ gé gọ́ọ̀mù sítéè, aṣọ onígọ́ọ̀mù tó ń mú aṣọ le, kó kéré sí i díẹ̀, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, láìsí èyí bọ́ọ̀ á wò bí etí ajá tó rẹ̀. Ẹ ká a sí méjì kó di 10 sí 3, ojú dáadáa nínú. Ẹ rán etí mẹ́ta tó ṣí, ṣùgbọ́n kí ẹ fi àyè íǹṣì méjì sílẹ̀ láàárín etí tó gùn. Ẹ gé igun méjèèjì kúrò díẹ̀, ẹ gba àyè yẹn yí i síta, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ mú orí méjèèjì wá pàdé láàárín lẹ́yìn, kó lé ara wọn díẹ̀, kí ẹ rán an mú.

Ẹ wá fún àárín rẹ̀: ìka àtàǹpàkò lókè, ìka àárín nísàlẹ̀, ìka ìfábẹ̀là tẹ àárín wọnú láti iwájú. Ìṣẹ́po mẹ́ta á yọ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ fi òwú wé e lẹ́ẹ̀marùn-ún kó le, kí ẹ wá fi tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ bò ó, kí ẹ rán an lẹ́yìn.

Mo ti jìyà lórí bí a ṣe ń fi kílíìpù sí i. Ilé-ìwé kan ní kí n ṣe bọ́ọ̀ 24 fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Mo kánjú, gọ́ọ̀mù oníbọn tí iná ń yọ́ ni mo fi lẹ bọ́ọ̀ mọ́ kílíìpù. Wọ́n dára lálẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, inú mọ́tò tó wà nínú oòrùn ni páálí náà wà títí di ọ̀sán. Kí àwọn ọmọ tó jó débi ìdajì orin wọn, bọ́ọ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa tirẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí. Mo dá owó wọn padà, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Gọ́ọ̀mù tó jẹ́ pé ooru ló ń yọ́ ọ, ooru náà ló máa ń dẹ̀ ẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú irin tó ń dán.

Látìgbà náà, rírán ni. Ẹ fi ríbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ wé apá òkè kílíìpù láti ẹnu dé ìdí, kí ẹ rán ríbọ́ọ̀nù náà mọ́ ara rẹ̀ nínú kílíìpù. Irin ti di aṣọ nìyẹn, ẹ lè wá rán bọ́ọ̀ mọ́ ọn. Ríbọ́ọ̀nù náà tún ń ṣe ohun mìíràn: kì í jẹ́ kí etí irin ge irun.

Òrùka irun láti ara wáyà

Èyí ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù: òrùka kékeré tí a ń fi sára irun dídì. Bí àwọn oníná bá ń ṣe wáyà ilé, wọ́n máa ń gé kúkúrú kúkúrú sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tó jẹ́ okùn bàbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, bíi ti ìwọ̀n 2.5 tí wọ́n ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àjákù tó ti wà nílẹ̀ ni mo ń sọ o, ẹ má fọwọ́ kan wáyà tó wà lára ògiri.

Ẹ fi ọ̀bẹ la ike ara rẹ̀, ẹ bó o. Bàbà tó ń dán lẹ ó bá nínú, ó sì rọ̀. Ẹ wé e mọ́ ara báírò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ó sún mọ́ra, ẹ gé e, ẹ yọ báírò. Ó kù díẹ̀: ẹnu méjèèjì tí ẹ gé mú bí abẹ, òun ló sì ń já irun. Ẹ fi sáńpépà ha á títí yóò fi kúnná, kí ẹ wá tẹ ẹnu náà síta díẹ̀, kó má kọjú sí irun. Èmi máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ dán an wò. Mo máa ń fà á gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá kọ́ okùn kan péré, mo padà sídìí sáńpépà.

Bàbà á dúdú tó bá pẹ́. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ra á, ẹ ṣàn án dáadáa, á tún pọ́n. Irun àgbà àti ọmọ tó ti gbọ́n ni mo ń fi òrùka yìí sí. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí gbogbo ohun tó bá rí ló ń ki bọ ẹnu, mi ò jẹ́ fi òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ sí i lórí. Rọ́fù kékeré tó o.

Aṣọ-òkè àti owó ẹyọ fún ṣùkú

Ẹ̀tù, àlàárì, sányán: èyíkéyìí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ oníṣẹ́ fìlà, ẹ tọrọ rẹ̀. Aṣọ-òkè máa ń tú bí ẹ bá ti fi sísọ́ọ̀sì kàn án, nítorí náà ẹ lẹ gọ́ọ̀mù sítéè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gé e rárá. Ẹ fi tépù wọn ìdí ṣùkú yíká, kí ẹ fi íǹṣì kan kún un. Kó fẹ̀ ní íǹṣì 3, ẹ ṣẹ́ etí méjèèjì wọ àárín lẹ́yìn kó di íǹṣì kan àbọ̀, kí ẹ fi sátíìnì bo ẹ̀yìn náà. Ẹ rán bọ́tìnnì sí orí kan, ojóbó rọ́bà sí èkejì. Owó ẹyọ mẹ́ta ní iwájú, ó tó. Èyí tí wọ́n ti la ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ rà, ó máa ń jókòó pẹrẹsẹ, abẹ́rẹ́ sì ń rí ibi gbà.

Mo sọ pé mẹ́ta ló tó, torí àwọn oníbàárà máa ń fẹ́ mẹ́wàá. Mo máa ń fi fọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere hàn wọ́n lórí fóònù mi, ayàfọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa ní 1968, láti ẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà, kí irun lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wo onílé gogoro nínú àwọn fọ́tò yẹn. Ọwọ́ onídìrí ni ọ̀ṣọ́ náà. Bí irun bá ti rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a bá fi kún un gbọ́dọ̀ mọ àyè rẹ̀.

Hẹ́dìbáǹdì kò le: ẹ ra èyí tó jẹ́ ike lásán lọ́jà, kí ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ sátíìnì wé e láti etí kan dé èkejì, kí ẹ rán orí méjèèjì pa.

Àjákù aṣọ oníbàárà

Aṣọ ẹbí ló ń kún àpò mi jù. Bí ogún obìnrin bá gbé léèsì kan náà wá, àjákù rẹ̀ á tó rán rọ́fù fún gbogbo ọmọ wọn, mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá ìyàwó kan tó pín in fún àwọn ọmọdé lóde. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọrọ. Àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ kí àjákù aṣọ wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n ti gbọ́ láti kékeré pé a lè fi aṣọ ẹni ṣe ẹni ní ibi. Mi ò bá wọn jiyàn. Bí oníbàárà bá wá wọn ara rẹ̀, mo máa ń bi í pé, “Ẹ̀yin mà, àjákù yìí, ṣé kí n dì í fún yín ni àbí ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi?” Ẹni tó bá ní kí n dì í, mo dì í pátá, títí kan èyí tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Màmá àgbà kan gba tirẹ̀ nínú ọ̀rá, ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo fi rọ́fù kan hàn án. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó gbé ọ̀rá náà padà wá, ó ní kí n rán mẹ́fà fún àwọn ọmọ-ọmọ òun.

Ọmọ mi ti pé ọdún 13 báyìí. Apá ọ̀tún yẹn ti hù padà, ó pẹ́, ó lé ní ọdún kan kí n tó lè fi ọwọ́ mú un dì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan àjákù tó bá wù ú nínú àpò. Bó bá di alẹ́, á yọ rọ́fù rẹ̀ kó tó wé bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi kọ́ àgbá maṣíìnì mi. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá a láàárọ̀, kí n tó tẹ̀ ẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.